Ẹ bi mẹkáníìkì léèrè bíréèkì kó tó gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sínú ọkọ̀ àtijọ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn tó ń yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lára ọkọ̀ àtijọ́, tí wọ́n ń gbé ti dísẹ́ẹ̀lì oní-tọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì) sí i. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa bó ṣe ń dín owó epo kù ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ kò mẹ́nu ba bíréèkì rárá, bíréèkì ló sì kù díẹ̀ kó sọ mí di apààyàn láàárín ìgboro Ìbàdàn.

Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná ni mo ń wà. Bàbá mi ló rà á, òun ló fi ń gbé wa lọ síléèwé, n kò sì lè tà á. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí bẹntiróòlù fò kọjá agbára ẹni tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì bíi tèmi, mo lọ ra ẹ́ńjìnnì tokunbo oní-lítà 2.3 tí wọ́n tú lára Peugeot 505 oní-tọ́bò. Kì í ṣe pé mo kàn ń dán an wò. Peugeot fúnra wọn ta 504 oní-dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ti fi tọ́bò sí irú ẹ́ńjìnnì yìí nínú ọkọ̀ wọn mìíràn, Peugeot 604, láti ọdún 1979. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò dínwó ju ti bẹntiróòlù lọ o. Bó ṣe ń gbé ni jìnnà ni èrè rẹ̀.

Mẹkáníìkì tó bá mi ṣe é mọ 504 bí ẹni mọ owó. Ó fọ táǹkì títí òórùn bẹntiróòlù fi tán nínú rẹ̀. Ó fa páìpù kejì tí yóò máa dá epo tó bá ṣẹ́kù padà sí táǹkì. Ó pààrọ̀ sípíríǹgì iwájú nítorí pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wúwo, ó sì wá rédíétọ̀ tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n 504 oní-bẹntiróòlù ló mọ̀.

Láti ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ jáde ni bíréèkì ti le lẹ́sẹ̀ mi. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, páàdì tuntun ni, yóò rọ̀ tó bá yá." Mo gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mò ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó lọ sí Bẹẹrẹ, ọkọ̀ iwájú mi dúró lójijì. Mo tẹ bíréèkì, ó dà bíi pé mo tẹ àpáta. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, mo já gíá wálẹ̀, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí kò jìnnà tó apá kan sí ìyá tó ń dín àkàrà. Epo gbígbóná wà níwájú rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀. Òun ló ń bẹ̀ mí pé kí n jókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Abọ́ irin dúdú rìbìtì kan wà lẹ́yìn bíréèkì, nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní bústà. Òun ló ń ran ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ àfi tí nǹkan bá ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, tí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́túùlù, ìyẹn ibi tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ìdérí kan máa ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa fà gidigidi. Ìfà yẹn ni bústà ń lò. Dísẹ́ẹ̀lì irú èyí kò ní ìdérí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé fàlàlà, epo nìkan ni à ń dín tàbí fi kún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ní pọ́ǹpù kékeré tirẹ̀, pọ́ǹpù vákúùmù, tí yóò máa bá bústà fa afẹ́fẹ́. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì tí mo rà, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ni mẹkáníìkì so páìpù bústà mọ́, bó ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Tọ́bò kì í fà níbẹ̀, títì ló ń ti afẹ́fẹ́ wọlé!

Ìdánwò rẹ̀ kò gba owó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún títí yóò fi le. Ẹ fi ẹsẹ̀ sí i, ẹ má gbé e, kí ẹ wá tan ọkọ̀. Bíréèkì gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá rì, ẹ má gbé ọkọ̀ náà kúrò ní ọgbà mẹkáníìkì, ohun yòówù kó sọ nípa páàdì tuntun.

Àwọn ìyókù kò tó èyí. Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí a tó pa á lẹ́yìn ìrìn jíjìn, kí tọ́bò lè tutù. Kí a sì lọ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun sínú ìwé ọkọ̀.

Mo ti ra pọ́ǹpù náà, owó tí mo fi rà á kò tó owó sípíríǹgì. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ni pé, ọkọ̀ yòówù tó bá dé iwájú wọn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pààrọ̀, kí wọ́n ṣe ìdánwò yìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ìdánwò náà lọ́tọ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí àwọn mẹkáníìkì lè gé e lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn