Ẹ sọ fún àwọn tó ń ta firewall pé kí wọ́n jẹ́ kó mọ SRH kà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síbi táwọn tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa rí i, torí gbogbo wa la ń pariwo SRv6 (ìyẹn Segment Routing lórí IPv6, tó ń jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì dátà fúnra ẹ̀ gbé ọ̀nà tó máa gbà dání) báyìí, àmọ́ ibi tí wàhálà ẹ̀ wà gan-an, a kì í débẹ̀.

SRv6 fúnra ẹ̀ ò le. Tí pákẹ́ẹ̀tì bá ń wọlé, ráútà tó wà lẹ́nu ọ̀nà á ti kọ gbogbo ibi tó gbọ́dọ̀ yà sí sára ẹ̀, bíi fáìlì sẹkitéríàtì tí wọ́n ti kọ gbogbo tábìlì tó máa dé sí ẹ̀yìn ẹ̀ kó tó kúrò ní tábìlì àkọ́kọ́. Inú header kan (àkọlé tó ń wà níwájú pákẹ́ẹ̀tì) tí wọ́n ń pè ní SRH, ìyẹn Segment Routing Header, ni lísìtì yẹn ń wà, ìwé ìlànà RFC 8754 tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2020 ló ṣàlàyé ẹ̀. Tó bá ti dé ibì kan, wọ́n á dín Segments Left, nọ́ńbà tó ń sọ iye ibi tó kù, kù ní ọ̀kan, wọ́n á fi àdírẹ́ẹ̀sì tó kàn síwájú, ó tún gbéra nìyẹn. Àwọn ráútà tó wà láàárín ò ní láti rántí nǹkan kan nípa ẹ̀, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn kiní yìí nìyẹn.

Wọ́n wá ní kí firewall (tó ń dènà pákẹ́ẹ̀tì tí kò yẹ), IDS (tó ń ṣọ́ àwọn tó fẹ́ jálẹ̀kùn) àti NAT (tó ń pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì) náà ní àdírẹ́ẹ̀sì tiwọn nínú lísìtì yẹn. Ó dáa gan-an, torí a ò ní máa fa VLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n pín sọ́tọ̀) kiri mọ́, a ò sì ní máa kọ policy, ìyẹn òfin ìdarí, sórí ráútà kọ̀ọ̀kan kí tráfíìkì tó lè gba ọ̀dọ̀ firewall kọjá. NSH, header míì tó jáde ní 2018, náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ nọ́ńbà ọ̀nà ló ń gbé kiri, forwarder (ẹ̀rọ tó ń darí pákẹ́ẹ̀tì) kọ̀ọ̀kan ló máa mọ ibi tí nọ́ńbà yẹn já sí.

Ibi tó ti dojú rú ni pé firewall tó pọ̀ jù ò mọ SRH kà. Ẹ gbé pákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ fún un, ó lè dà á nù, tàbí kó máa yẹ header tó wà lóde wò nígbà tí ohun tó yẹ kó wò wà nínú. Wọ́n bá fi proxy, ìyẹn alágbàṣe tó ń bá a tún pákẹ́ẹ̀tì ṣe, síwájú ẹ̀, oríṣi mẹ́ta ni. Èyí tó ń jẹ́ End.AS á bọ́ header kúrò, á gbé pákẹ́ẹ̀tì fún firewall, tó bá padà dé á fi header tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un wọ̀ ọ́. End.AD ní tiẹ̀ ò dúró de kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan, header tó rí kọjá kẹ́yìn ló ń rántí. End.AM á fi SRH sílẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ á fi àdírẹ́ẹ̀sì ibi tó ń lọ gbẹ̀yìn bo ojú ẹ̀, IPv6 nìkan ló sì wà fún.

Ẹ wo AS àti AD yẹn dáadáa o. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni interface kan (ẹnu tí pákẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé sínú firewall) lè gbé, tí oníbàárà méjì bá ní lísìtì tó yàtọ̀ síra, interface méjì nìyẹn, ti AS tún wá burú sí i torí tẹ́ ẹ bá yí ọ̀nà padà lónìí ẹ máa lọ tún proxy kọ. Ìrántí tá a ní a lé kúrò lórí ráútà ti gba ẹ̀yìn wọlé padà! Mo gbà pé ká fi proxy ti ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà nílẹ̀, àmọ́ ká máa fi owó tuntun ra ẹ̀rọ tó nílò proxy, n ò lè gbà á láéláé.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Linux ti ní SRv6 nínú kernel, ìyẹn ọkàn ẹ̀ gan-an, látorí ẹ̀dà 4.10, lóṣù kejì ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Ítálì sì ti ṣe SERA, firewall tó ń lo iptables (irinṣẹ́ firewall ti Linux) tó sì ń ka SRH tààrà. Ọ̀dọ́ tó bá ní láptọ́ọ̀pù lè dán an wò láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ má gbàgbé MTU náà, ìyẹn bí pákẹ́ẹ̀tì kan ṣe lè tóbi tó, torí SRH ń gba àyè nínú ẹ̀: ibi mẹ́ta nínú lísìtì, bytes 56 ni, ẹ fi 40 ti IPv6 òde kún un, ó di 96. Ẹ sì ti ilẹ̀kùn ẹnu ibodè pa mọ́ pákẹ́ẹ̀tì òde tó bá dojú kọ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì yìí, torí ohun tó jẹ́ kí wọ́n pa RH0, irú header bẹ́ẹ̀ tí IPv6 ní tẹ́lẹ̀, tì ní 2007 ni pé ẹni ibi lè fi í máa gbá pákẹ́ẹ̀tì kan náà síwá sẹ́yìn láàárín ráútà méjì lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọ̀nà tó wà láàárín wọn lè kún.

Tí wọ́n bá wá ta firewall fún yín, ẹ bi wọ́n bóyá ó ń ka SRH fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá ní proxy ni, ẹ bi wọ́n pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà mélòó sì ni interface kan lè gbé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan