Ìkéde: Fíìmù Tí A Ó Wò Ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ilé.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti máa ń pàdé. Fíìmù tí ẹ dìbò fún ni a ó wò: Eternal Sunshine of the Spotless Mind, tó jáde ní 2004. Jim Carrey àti Kate Winslet ló ṣe olólùfẹ́ méjì tí ọ̀rọ̀ wọn dàrú, tí obìnrin náà fi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ìrántí rẹ́ nínú ọpọlọ. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n pa tòun náà rẹ́. Àárín iṣẹ́ ló ti yí ọkàn padà. Àwọn tó kọ ọ́ gba Oscar.

Ẹ fojú sí dókítà ibẹ̀ dáadáa. Ó níyàwó nílé, àmọ́ ọ̀rọ̀ òun àti ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́... ó tó, kí n má ba adùn rẹ̀ jẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni fíìmù yẹn ti dùn jù.

Ìtàn náà kì í tò tẹ̀léra, nítorí náà ẹni tó bá pẹ́ dé kò ní mọ orí, kò ní mọ ìdí. Ẹ má kó ọmọdé wá o. Ẹgbẹ̀rún náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan fún epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí a lè mọ iye àga tí a ó tò.

Akọ̀wé ẹgbẹ́