Lẹ́tà sí ẹ lórí ọ̀rọ̀ extends àti implements

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà lọ́hùn-ún? Mo rí lẹ́tà ẹ. O ní inheritance (kí kíláàsì kan jogún òmíì, extends la fi ń kọ ọ́) àti interface (àdéhùn tí kíláàsì ń ṣe, implements la fi ń kọ ọ́) nínú Java, èdè tá a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣì ń dàrú mọ́ ẹ lójú, má jẹ́ kó sú ẹ rárá, ó pẹ́ kó tó yé èmi náà. Ìgbà kan wà tí mo jẹ́ kí kíláàsì (ìyẹn àpẹẹrẹ tá a fi ń ṣẹ̀dá nǹkan nínú kóòdù) tó ń kọ ìròyìn jogún kíláàsì tó ń ṣí fáìlì, torí method, ìyẹn iṣẹ́ tí kíláàsì lè ṣe, ẹyọ kan péré tí mo fẹ́ lò, ìgbà tí mo wá tún ti fáìlì yẹn ṣe báyìí ni ìròyìn bàjẹ́, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó là mí lójú ni Stack inú Java. O mọ̀ pé ohun tó bá wọ stack gbẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, bí àwo tá a tò léra, orí lèèyàn ti ń mú un. Àmọ́ wọ́n ní kí Stack jogún Vector, ìyẹn kíláàsì tó ń to nǹkan tẹ̀ léra, Vector sì ní method tó ń jẹ́ kéèyàn ki nǹkan síbi tó bá wù ú, Stack wá gba ìyẹn náà mọ́ra. O lè kọ add(0, x) kí nǹkan bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lẹ́kun! Ẹni tó jogún ilé ló jogún gbèsè ilé, kò sí pé ò ń ṣà á mú.

Interface ò rí bẹ́ẹ̀, àdéhùn ni. Interface kan tó ń jẹ́ Comparable ò bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́, ó kàn ní ṣé o ní compareTo, ìyẹn method tó ń fi nǹkan méjì wéra, tó o bá ti ní in, Collections.sort máa bá ẹ to list ẹ. String (ọ̀rọ̀) ní in, Integer (nọ́ńbà) ní in, bẹ́ẹ̀ wọn ò bára tan àfi nípasẹ̀ Object tó jẹ́ baba ńlá gbogbo kíláàsì. Bàbá kan ṣoṣo sì ni kíláàsì lè ní nínú Java, àmọ́ àdéhùn tó bá wù ú ló lè ṣe. Látìgbà Java 8 lọ́dún 2014 ni interface náà ti lè gbé kóòdù dání, ìyẹn method tá a kọ default sí, tí méjì bá wá gbé default kan náà wá, compiler, ìyẹn ètò tó ń yẹ kóòdù wò tó sì ń túmọ̀ ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ò ní gbà àfi kó o kọ tìẹ.

Kíláàsì Employee àti Manager tó jogún ẹ̀ tó o kọ yẹn, ṣé gbogbo ibi tó o ti lo Employee ni Manager lè dúró sí tí nǹkan kan ò ní bàjẹ́? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí extends wà níbẹ̀. Fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí mi jàre, ká jọ wò ó.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ tòótọ́.