Bọ̀dá mi, ihò maíkì kan ti tó yín

Leeds, àárọ̀ Sátidé

Bọ̀dá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Màmá Tóbi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ báyìí? Àwa náà wà níbí, òtútù nìkan ni ò jẹ́ ká gbádùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni, mo ní kí n fèsì ọ̀rọ̀ interface tẹ́ ẹ bi mí, àpótí tó ń so maíkì mọ́ laptop yẹn, pé èwo ni kẹ́ ẹ rà láti máa fi gba ohùn àlọ́ yín sílẹ̀, kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀, torí tí mo bá sùn pẹ́nrẹ́n báyìí ó di alẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tún ti dé.

Mo ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ohùn yín ò yí padà rárá, ohùn tíṣà ni, ó kù díẹ̀ kí n dìde dúró kí n ní "Good morning sir". Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, mo gbọ́ odó. Ibi tí ìjàpá ti wọlé àna rẹ̀ gan-an ni Màmá Tóbi bẹ̀rẹ̀ iyán, kì, kì, kì, àkùkọ àdúgbò náà wá ń gbè é, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, iyán yẹn sì wá ń wù mí jẹ, torí èyí tá à ń fi ìyẹ̀fun rò níbí, ẹ jẹ́ kí n má wulẹ̀ sọ ọ́. Èmi tí mo mọlé, odó yẹn dùn mọ́ mi. Ọmọ ẹlòmíì tí ò mọ̀ yín rí, odó yẹn ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ìtàn.

Torí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ní òpópónà Táíwò n'Ílọrin yẹn ò ṣe wọ̀ mí létí. Ẹ ní ó ní kẹ́ ẹ ra èyí tó ní ihò maíkì mẹ́jọ, pé òun làwọn stúdíò ń lò. Kò parọ́ o, wọ́n ń lò ó. Àwọn tó ń gba ohùn onílù, onígìtá àti agberin lẹ́ẹ̀kan náà ló wà fún, dírọ́ọ̀mù nìkan lè gbà tó maíkì mẹ́rin. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa jókòó síwájú laptop tẹ́ ẹ máa pa àlọ́. Ẹ má bínú sí mi o, kì í ṣe pé mo fẹ́ máa kọ́ yín, àmọ́ ẹnu mélòó lẹ ní tẹ́ ẹ fẹ́ ra ihò mẹ́jọ?

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tí ọmọ yẹn ò sọ fún yín. Àwọn elihò mẹ́jọ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló ní ṣájà tiwọn tí wọ́n máa ń fi sára iná, tí iná bá ti lọ, ó ti parí nìyẹn. Àwọn kékeré elihò kan tàbí méjì, inú laptop ni wọ́n ti ń fa iná tiwọn, láti ojú wáyà USB kan náà tí ohùn ń gbà kọjá. Kí wọ́n mú iná lọ ní Òmù-Àrán láàárín àlọ́, bátìrì laptop á gbé ẹ̀yin méjèèjì dé òpin. Kódà ó sàn kẹ́ ẹ yọ ṣájà laptop náà tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn, torí nígbà míì tó bá wà lára iná ẹ máa gbọ́ ariwo kan tó ń dún húúúú lábẹ́ ohùn yín, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ báyìí, á dákẹ́ wẹ́lo. Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀, mo ti rò pé maíkì ló bàjẹ́.

Ẹ ẹ̀ mọ ohun tójú mi rí lórí nǹkan yìí. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n máa ka àwọn ìwé ìlera ní Yorùbá fún àwọn èèyàn wa níbí, mo ra interface tókùnbọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ra maíkì condenser tuntun, irú maíkì tí etí ẹ̀ mú gan-an, mo so gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò dún. Mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ̀ ọ́, kò dún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá a jà, mo ti kọ lẹ́tà ìbínú sí ẹni tó tà á fún mi, ó ku kí n tẹ send. Ọmọ mi wá dé láti skúùlù, ó wo àpótí náà, ó ní "Mummy, kí ni 48V tí wọ́n kọ síbí?" ó sì tẹ̀ ẹ́. Iná pupa kékeré kan tàn. Mo sọ pé "ṣé ó ń dún ni?" mo sì gbọ́ ara mi nínú headphone, gbọnmọ-gbọnmọ. Maíkì condenser kì í ṣiṣẹ́ láìgba iná, fólítì 48 yẹn ni interface ń bá a fi ránṣẹ́ gba inú wáyà maíkì kan náà. Mo rọra pa lẹ́tà ìbínú mi rẹ́.

Fún ẹ̀yin sha, mi ò ní kẹ́ ẹ ra condenser. Etí ẹ̀ ti mú jù. Yóò gbọ́ yín, yóò gbọ́ fáànù, yóò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, yóò gbọ́ odó Màmá Tóbi láti ẹ̀yìnkùlé. Irú maíkì kejì tí wọ́n ń pè ní dynamic ló bá ilé yín mu, irú Shure SM58 tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́wọ́ pásítọ̀ àti olórin, àtọdún 1966 ni wọ́n ti ń ṣe é, ó lágídí, kò sì nílò 48V kankan. Ohun tó bá sún mọ́ ọn ló ń gbọ́ jù, kẹ́ ẹ sáà fi ẹnu sí i ní nǹkan bí ìka mẹ́rin. Ayédèrú ẹ̀ ló kún ọjà, torí náà ẹ jẹ́ kí n rà á láti ibí.

Interface fúnra ẹ̀, Focusrite Scarlett Solo ni mo ń wò fún yín, ihò maíkì kan, ihò gìtá kan. Wọ́n ń yí nǹkan kan lára ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gain, òun ló ń sọ bí ohùn ṣe máa pọ̀ tó tó bá ń wọlé, iná roboto ló yí i ká: tí iná yẹn bá jẹ́ gíríìnì, kò sí wàhálà, tó bá pọ́n, ohùn yín ti fọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè tò ó padà dáadáa. Ibi ìjàpá tó bá ń ké ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n ẹ̀, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ rí i pé nínú kọ̀ǹpútà ìwọ̀n ohùn náà kò ju nǹkan bíi -12 dB lọ. Behringer UMC22 náà wà, owó ẹ̀ fúyẹ́ gan-an, àmọ́ bit 16 ni (bit ni bó ṣe ń ka ìwọ̀n ohùn ní kínníkínní tó), Scarlett jẹ́ 24, ìyẹn ni pé pẹ̀lú Scarlett, tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì gba ohùn tó kéré jù tẹ́ ẹ wá padà gbé e sókè, kò ní ní àlébù tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 192 tí ọmọkùnrin yẹn fi ń fẹlá sí yín létí, ìyẹn kHz 192, pé ẹ̀rọ ń ka ohùn nígbà 192,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ dá a lóhùn pé ẹ ò fẹ́. CD gan-an, ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n fi ń ka ohùn sínú ẹ̀, a sì ti ń gbádùn ẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ẹ máa wọ headphone, ẹ sì tẹ bọ́tìnnì Direct Monitor lára interface náà, tó ń gbé ohùn yín lọ sí headphone tààrà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn yín á máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí yín, bíi gbohùngbohùn, á sì máa da ọ̀rọ̀ rú mọ́ yín lẹ́nu.

Ó wá ku yàrá. Owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ra ihò méje tó kù, ẹ fi ra kọ́tíìnì tó nípọn. Ẹ má gba ohùn ní pálọ̀ mọ́, táìsì àti ògiri rẹ̀ ń da ohùn padà, ó ń dún bí ẹni wà nínú àgbá. Yàrá tẹ́ ẹ̀ ń kó aṣọ sí yẹn, níbi tí àpótí Màmá wa wà, ibẹ̀ ló dáa jù nínú ilé yẹn. Ẹ gbé fóòmù kan tì sí ògiri lẹ́yìn yín, ẹ ta búláńkẹ́ẹ̀tì sí iwájú, ẹ pa fáànù (ooru á mú yín, ẹ pẹ̀lẹ́). Nǹkan bí aago mẹ́ta ìdájí tẹ́ ẹ máa ń jí gbàdúrà yẹn, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e, kí àkùkọ wọ̀nyẹn tó mọ̀ pé ẹ ti jí.

Tẹ́ ẹ bá sì parí, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi voice note o, WhatsApp á fún un mọ́ra, gbogbo owó tá a ná á wọgbó. Document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Ìtàn àwọn ère òkúta ìlú Ẹ̀sìẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ò gbà pé musíọ́mù tí wọ́n kó wọn sí yẹn, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1945, ìtòsí ilé wa ló wà, ó ní irọ́ ni mò ń pa, ó ní Lagos ló máa jẹ́. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kò ní lè jiyàn.

Ìyá ìjọ wa kan ń bọ̀ nílé ní December, ó ti gbà láti bá mi gbé e. Ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ laptop yín kí n tó sanwó: ṣé ihò USB pẹlẹbẹ ti àtijọ́ wà níbẹ̀, àbí roboto kékeré bíi ti ṣájà fóònù tuntun nìkan ló wà? Wáyà tó máa ń wá nínú páálí ẹ̀, orí pẹlẹbẹ ló ní, tí kò bá sí ihò ẹ̀ lára tiyín, màá wá ọ̀nà míì. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ má kàn ṣe àpèjúwe ẹ̀ fún mi lẹ́nu.

Àbúrò yín,
Fúnmi