Lẹ́tà sí Àjàní lórí ọgbà ẹ̀rọ alátẹ́gùn Derrybrien

Galway,
Orílẹ̀-èdè Ireland.

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ara gbogbo wa le níhìn-ín, a dúpẹ́. O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé kí ni wọ́n ń fi ọdún gbọọrọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ tí ń fi atẹ́gùn pèsè iná kalẹ̀, nígbà tí kò rú èéfín tí kò sì mu epo. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí mi: ó wà lórí òkè Slieve Aughty, ní Derrybrien, ní agbègbè Galway yìí kan náà.

Ilẹ̀ orí òkè náà kì í ṣe irú èyí tí èmi pẹ̀lú rẹ mọ̀. Ewéko tí kò jẹrà tán ló kó jọ sínú omi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí ó fi di nǹkan dúdú rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní peat. Bí wọ́n bá gé e tí wọ́n sì sá a gbẹ, a máa fúyẹ́ lọ́wọ́, wọn a sì fi dáná nínú ilé. Ṣùgbọ́n kó tó gbẹ, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ to nǹkan bí ẹ̀rọ 70 sí. Wọ́n kọ ìwé lórí àyíká lóòótọ́, wọ́n sì gbàṣẹ, àmọ́ ìwé náà kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ yóò dúró bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, tí wọ́n gé igbó orí rẹ̀, tí wọ́n sì la ọ̀nà ọkọ̀ ńlá gba ibẹ̀. Ní oṣù October 2003, tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ òkè ya lulẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú rọ́ wọ odò, ó sì pa ẹja lọ bẹẹrẹ. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ìjọba Ireland ní òfin ìgbà náà kò dárúkọ ẹ̀rọ alátẹ́gùn. Ilé ẹjọ́ fèsì ní 2008 pé òfin náà dárúkọ wíwa peat àti lílà ọ̀nà, àyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ ṣáájú àṣẹ. Síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, títí ilé ẹjọ́ fi bu ìtanràn mílíọ̀nù 5 Yúrò lé ìjọba ní 2019, pẹ̀lú 15,000 Yúrò fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tún fi jáfara. (Ṣé o rí i, owó tí kò fẹ́ jáde fún àyẹ̀wò!) Ní 2022, àwọn tó ni ẹ̀rọ náà kò rí àṣẹ gbà fún ohun tí wọ́n ti kọ́ tán, ni wọ́n bá pinnu láti pa àwọn ẹ̀rọ náà tì.

Àwọn ènìyàn a máa béèrè nípa ẹyẹ, àdán àti ariwo, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orí òkè bí èyí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nínú ìwé àyẹ̀wò ni bóyá ẹnìkan fi ọ̀pá gígùn gún ilẹ̀ káàkiri, tó sì kọ bí peat ṣe jìn tó sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Èkejì ni ti carbon, èyí tó ń di afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná, tí peat ti gbé pamọ́: bí wọ́n bá fa omi rẹ̀ gbẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde, yóò sì jẹ nínú èrè tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá.

Wàyí o, kíkó àwọn ẹ̀rọ náà kúrò gan-an ń fẹ́ àyẹ̀wò tirẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ní kí wọ́n hú ìpìlẹ̀ kọnkéré wọn jáde, ilẹ̀ rírọ̀ yẹn kan náà ni wọn yóò tún dà rú. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Kọ ohun tí ìwọ náà rò sí mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Akínwálé