Délé, jẹ́ kí ìwọ̀n ara rẹ dúró lójú kan ná

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Houston, báwo ni ìyàwó àti àwọn ọmọ? Ó dùn mọ́ mi pé o lè sọ fún mi nípa àyà rẹ tó yọ bí ọmú obìnrin. Mo mọ bó ti pẹ́ tó tí o ti ń wá ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ bò ó. O ní ṣé kí o rù kí o tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín in kù, àbí kí o kọ́kọ́ ṣe é.

Rù ná. Ohun méjì ló sábà ń mú àyà ọkùnrin yọ: ọ̀rá, àti ẹran ọmú gan-an, èyí tó máa ń le bíi rọ́bà lábẹ́ orí ọmú. Bí o bá rù, ọ̀rá á dín kù, ẹran ọmú kì í sábà lọ. Dókítà á wá rí ohun tó yẹ kó gé. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe é báyìí, tí o wá rù gan-an lẹ́yìn náà, awọ lè rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè di iṣẹ́ abẹ míì kí wọ́n tó gé e kúrò. Awọ àwa tí a ti lé ní 40 ọdún kì í tètè fà padà mọ́.

Sísanra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Lóòótọ́, ọ̀rá tí wọ́n bá fà jáde kì í padà wá. Àmọ́ wọn kì í kó gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní láti fi díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ orí ọmú kí ibẹ̀ má baà jin. Èyí tó kù á wú bí o bá sanra. Ọ̀rá ara tún máa ń sọ họ́mọ̀nù ọkùnrin di ti obìnrin, ìyẹn sì lè jí ẹran ọmú tó ṣẹ́kù. Kílò kan tàbí méjì ò lè ba nǹkan jẹ́, má torí ẹ̀ fi ebi pa ara rẹ. Kílò 10, 15 ni mò ń sọ.

Jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ dúró lójú kan fún oṣù bíi mélòó kan kí o tó dá ọjọ́ fún wọn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àyà á wú fún ìgbà díẹ̀, má rò pé o ti sanra. Síngílẹ́ẹ̀tì tó ń fún àyà mọ́ra tí wọ́n máa fún ẹ, má bọ́ ọ kí wọ́n tó ní kí o bọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní jíìmù gún ẹ lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí iṣan ara tóbi. Mo ti tọ́jú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní wọ́ọ̀dù wa tó jẹ́ pé òun ló mú ọmú wọn yọ.

Ìyá mi ń kí ẹ. Bí dókítà bá ti dá ọjọ́, pè mí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Kúnlé