Sìgá, Obì àti Ọpọlọ

Olóòtú,

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní Òmù-Àrán jáwọ́ nínú sìgá, a rò pé ara wọn yóò balẹ̀, àmọ́ wọn kò rí oorun sùn mọ́, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń ya awẹ́ obì gbànja fún àlejò. Àwọn kan nínú ilé tilẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n padà sí ìdí sìgá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀.

Òótọ́ ni pé àìrí nikotíìnì, èròjà inú sìgá, máa ń da ọpọlọ láàmú, nítorí nikotíìnì ló ń mú kí dópámììnì, èròjà tí ń jẹ́ kí ọkàn fà sí nǹkan, tú jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obì náà lọ́wọ́ sí i. Kafíìnì, èròjà inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ń dí ọ̀nà mọ́ adẹnosíìnì, èròjà inú ọpọlọ tí ń mú kí oorun kun ènìyàn. Bí ẹnìkan bá sì ń mu sìgá, èéfín rẹ̀, kì í ṣe nikotíìnì fúnra rẹ̀, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè palẹ̀ kafíìnì mọ́ kúrò lára. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, iye obì tí kò ṣe é ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi dín obì kù sí awẹ́ kan láàárọ̀, oorun sì padà. Mo bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Kwara kí wọ́n máa bi ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá léèrè iye obì tó ń jẹ lóòjọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Ìlọrin